Lẹ́yìn Aro, ibo ló kàn? Àlàyé lórí ilé àjọgbé fún àwọn ọkùnrin tó ti jáwọ́ nínú ọtí àti oògùn olóró

Wọ́n ti dá ọmọ sílẹ̀ ní Aro, ọsibítù àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, oúnjẹ ti ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń sun oorun àsùnwọra, ìyá rẹ̀ sì ti ṣe ìdúpẹ́. Ìbéèrè kan ló kù, tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í sì í béèrè rẹ̀ rárá: ibo ni yóò máa gbé báyìí?

Ní Abẹ́òkúta níbí, ilé ni wọ́n sábà máa ń mú un padà sí. Yàrá tó ti ń mu ìgbó náà ni. Àdúgbò náà ni, níbi tí ẹni tó ń ta trámà (tramadol) àti kóló, ìgbó oníkẹ́míkà, fún un ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ìyá oníparaga sì ti mọ iye tó ń mu kó tó dìde. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń po skuchies, àdàlù ìgbó, oògùn àti ohun mímu, ṣì wà lórí àga tí wọ́n jókòó sí. Kì í pẹ́ tí ẹbí á tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri wá owó ìtọ́jú, tí wọ́n á sì máa sọ pé ayé ló ń ṣe é. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ayé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí èèyàn ń gbé lẹ́yìn ìtọ́jú lágbára gan-an, a kì í sì í náwó sí i bí a ṣe ń náwó sí ìtọ́jú fúnra rẹ̀.

Oríṣi ilé kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àkókò yẹn gan-an. Sober living home ni wọ́n ń pè é lókè òkun; ilé ìjáwọ́ ni n ó máa pè é níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dàrú mọ́ ti àwọn ilé mìíràn lọ́kàn wa. Àwọn kan rò pé ọsibítù kékeré ni, àwọn kan rò pé ẹ̀wọ̀n ni, àwọn mìíràn gbọ́ pé kì í ṣe fún èrè, wọ́n sì gbà pé ọ̀fẹ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ilé gbígbé ni

Ẹ wo ilé lásán kan, yàrá mẹ́rin, ilé ìdáná kan, tánkì omi lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ló ń gbé ibẹ̀, gbogbo wọn ló sì ti jáwọ́. Kò sí dókítà níbẹ̀, kò sí nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni kì í gún wọn lábẹ́rẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, olúkúlùkù á sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ: ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀kan sí ọjà Kútọ̀, ọ̀kan sí Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń rẹ adìrẹ sínú aró. Wọ́n á padà wọlé kí aago tí wọ́n fi àdéhùn sí tó lù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, gbogbo ilé á jókòó ṣèpàdé. Àdéhùn tó so wọ́n pọ̀ kò gùn: ọtí kò gbọdọ̀ wọlé, oògùn olóró kò gbọdọ̀ wọlé, ẹni tó bá sì mu ún níta kò gbọdọ̀ padà wá sùn.

Rìháàbù ni wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn. Ibẹ̀ ni ara ti ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn, tí dókítà àti àwọn agbaninímọ̀ràn ti ń bá a jókòó, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan. Ilé ìjáwọ́ ló tẹ̀ lé e. Bí teguntegun bá tú igi tó fi de ẹsẹ̀ tó kán, egungun ti so lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa fi ẹsẹ̀ yẹn gun Òkè Olúmọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pá ni yóò kọ́kọ́ fi máa rìn. Ọ̀pá yẹn ni ilé ìjáwọ́.

Ìdí tí ọ̀pá fi pọn dandan ni pé ohun tó ti di bárakú síni lára kì í tán nílẹ̀ lọ́jọ́ tí oògùn bá jáde nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ti yí bí ọpọlọ ṣe ń mọ adùn padà, ó ti yí bí ó ṣe ń gba ìbànújẹ́ mọ́ra padà, ìyẹn sì máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó bọ̀ sípò. NIDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí oògùn olóró, fojú bù ú pé nínú 100 ẹni tó gba ìtọ́jú, 40 sí 60 ló máa ń padà sídìí rẹ̀ nígbà kan. Iye yẹn kò jìnnà sí iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ásímà tún máa ń kọlù lẹ́yìn tí ara wọn ti balẹ̀. A kì í pe onítọ̀hún ní aláìlójútì nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tún ru.

Nípa pé ọkùnrin nìkan ló ń gbé ibẹ̀: ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà pẹ̀lú UNODC, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, tí wọ́n gbé jáde ní 2019, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 èèyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ló lo oògùn nínú ọdún kan, láìka ọtí àti sìgá. Mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló jẹ́ ọkùnrin. Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn, ilẹ̀ tiwa níbí, ni iye náà ti ga jù lọ, ìdá 22.4 nínú 100. Yàtọ̀ sí iye, àwọn tó ń bójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí ìfẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tí ọkàn wọn ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Obìnrin náà nílò ilé tirẹ̀, ó sì ń dùn mí pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni a máa ń gbé pamọ́ jù.

Ibi tó ti ṣẹ̀

Ní ọdún 1975, ní Silver Spring, ìpínlẹ̀ Maryland, Amẹ́ríkà, ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ti ilé kan tí àwọn ọkùnrin tó jáwọ́ nínú ọtí ń gbé pa nítorí owó. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò kan, J. Paul Molloy. Dípò kí wọ́n túká, wọ́n fi owó ara wọn háyà ilé náà, wọ́n sì ń darí rẹ̀ fúnra wọn. Oxford House ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí ilé náà ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ti rí bí wọ́n ṣe ń ní kí èèyàn jáde nítorí pé oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé, tí onítọ̀hún sì ń gba ẹnu ọ̀nà lọ tààrà sídìí ọtí. Nítorí náà, wọn ò fi gbèdéke sí i mọ́. Ẹni tó bá ń san owó rẹ̀, tí kò mu ohunkóhun, lè gbé ibẹ̀ títí.

Ìlànà wọn kò ju mẹ́ta lọ: àwọn tó ń gbé ilé ni yóò máa dìbò lórí ọ̀rọ̀ ilé, àwọn náà ni yóò máa san owó ilé, ẹni tó bá sì padà sídìí ọtí tàbí oògùn yóò jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilé bẹ́ẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta báyìí.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Leonard Jason ti Yunifásítì DePaul àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ mú 150 èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìtọ́jú, wọ́n fi ìbò pín wọn sí méjì: ìdajì lọ gbé Oxford House, ìdajì yòókù sì gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìdá 65 nínú 100 àwọn tí kò gbé ilé náà ló ń mu tàbí ń lo oògùn. Nínú àwọn tó gbé ibẹ̀, ìdá 31 ni. Ìdá 76 àwọn ará ilé náà ló níṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn yòókù kò sì tó ìdajì. Àwọn tó pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ níbẹ̀ ló sì ṣe dáadáa jù.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìjáwọ́ ló rí bí Oxford House. Ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, NARR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, pín wọn sí ipele mẹ́rin. Ní àkọ́kọ́, àwọn ará ilé ló ń darí ara wọn. Ní èkejì, olórí ilé kan wà tó ń mójú tó wọn. Ní ẹ̀kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ wà. Ní ẹ̀kẹrin, ìtọ́jú gan-an wà nínú ilé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé sober living ni ilé òun, ẹ béèrè èwo nínú mẹ́rin yìí.

Ohun tí Abẹ́òkúta ti mọ̀ tipẹ́

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àwa tí a ń gbé ìlú yìí ń wo ọ̀rọ̀ yìí bí àṣà àjèjì. Ọdún 1944 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Lantoro, ní Abẹ́òkúta níbí. Nígbà tó di 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, bẹ̀rẹ̀ ohun kan ní Aro tí gbogbo ayé ń wá wò. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká ṣàdéhùn, àwọn aláìsàn sì ń gbé nínú ilé wọn. Ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa gbọ́únjẹ fún un, kó máa bá a gbé. Ní ọ̀sán, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́, á padà sáàárín èèyàn, níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré tí àgbà sì ń ta ayò. Lambo wá di igbákejì olùdarí àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, lẹ́yìn ìgbà náà.

Aro ti ìgbà yẹn kì í ṣe ilé ìjáwọ́, àìsàn ọpọlọ ni Lambo ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n dì mú: ara ìtọ́jú ni kí èèyàn gbé láàárín àwọn tó mọ ohun tó ń ṣe é. Aro ṣì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún, láti ìlú mìíràn gan-an ni wọ́n sì ti ń gbé èèyàn wá síbẹ̀. Ọ̀nà tó gba ibẹ̀ lọ kò ṣókùnkùn sí wa. Ọ̀nà tó ti ibẹ̀ bọ̀ ni a ò tíì tẹ́.

Ìlànà tó le jù

Ìlànà kẹta yẹn, pé ẹni tó bá mu gbọ́dọ̀ jáde, ni àwọn ìyá wa kì í fẹ́ gbọ́. "Ẹ ní ẹ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ tún lé e síta lálẹ́?" Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ìdí tí ìlànà náà fi wà ni pé ẹni kan tó bá mu láàárín ọkùnrin méje tí ara wọn ṣì ń pòǹgbẹ oògùn lè fà gbogbo ilé lulẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn yòókù ni ìlànà náà ń dáàbò bò.

Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mú un ṣẹ ni yóò sọ irú ilé tó jẹ́. Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́ta yẹra fún oògùn, ara rẹ̀ kò lè gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá tún gbé iye yẹn mì, pàápàá kodéènì, trámà tàbí àwọn oògùn bíi hẹroíìnì, mímí rẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Òru tí wọ́n bá lé e jáde ni òru tó léwu jù fún un. Ilé tó dára ti máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé: ta ni kí a pè, ọsibítù wo ni kí a gbé e lọ, ta ni yóò gbà á sùn lóru yẹn, ìgbà wo ló sì lè padà wá bẹ̀bẹ̀ kí ilé tún dìbò lé e. Bí ẹ bá béèrè ìbéèrè yìí tí olórí ilé kò ní ìdáhùn, ẹ mú ọmọ yín lọ síbòmíràn.

Ìdánwò ìtọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó mu. Kọ́ọ̀pù kékeré kan ni, wọ́n máa ń ṣe é láìròtẹ́lẹ̀, gbogbo ilé sì ni í kàn. Níbí ni àṣà wa ti lè dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Báwo ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tí ìbò sọ di akọ̀wé ilé, ṣe máa sọ fún ẹni àádọ́ta ọdún pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, ó yá, ẹ wá tọ̀"? Bó bá ní kí òun bọ̀wọ̀ fún àgbà, tó fò ó, ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú nìyẹn. Ohun tí mo rò pé ó lè bá wa mu ni pé kí ìkíni àti ọ̀wọ̀ wà ní ààyè wọn, kí wọ́n máa pe bọ̀ọ̀dá ní bọ̀ọ̀dá, ṣùgbọ́n kí ìbò àgbà má ju ìbò ọmọdé lọ nínú ìpàdé, kí àgbà sì ni yóò kọ́kọ́ máa gba kọ́ọ̀pù. Ní Oxford House, ẹnikẹ́ni kì í lò ju oṣù mẹ́fà lórí ipò kan, kí ẹnì kan má bàa di baálé lé àwọn yòókù lórí. Ó yẹ kí a mú ìyẹn ní pàtàkì níbí.

Owó

Kí ilé má jẹ́ fún èrè túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó ń pín owó tó bá ṣẹ́ kù. Bí owó bá kù, inú ilé náà ló ń padà sí: wọ́n á tún òrùlé ṣe, wọ́n á ra mátírẹ́ẹ̀sì, wọ́n á ran ẹni tuntun tí kò tíì rí iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ará ilé ṣì ń sanwó. Ká ní owó ilé lọ́dún jẹ́ ₦1,200,000, tí ọkùnrin mẹ́fà sì ń gbé ibẹ̀: ₦200,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì tó ₦17,000 lóṣù, ká tó wá ka iná, gáàsì àti oúnjẹ. Ẹbí tàbí ẹlẹ́yinjú àánú lè bá ẹni tuntun san ti oṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ó gbọ́dọ̀ wá iṣẹ́. Sísan owó yẹn wà lára ohun tó ń gbé ọkùnrin dìde, torí pé ọ̀pọ̀ wọn ló ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbára lé wọn fún ohunkóhun.

Ní Nàìjíríà, irú àjọ bẹ́ẹ̀ máa ń forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ àwọn olùfọkàntán tí wọ́n ń pè ní Incorporated Trustees. Ẹ lè yẹ orúkọ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC fúnra yín. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ sì béèrè orúkọ àwọn olùfọkàntán náà.

Ẹni tí kò tíì yẹ kó wọ ibẹ̀

Ẹni tó ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ kò gbọdọ̀ dédé dáwọ́ dúró nínú ilé ìjáwọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, gìrì lè gbé e, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Ọsibítù ni ìyẹn. Ẹni tó ń lo trámà púpọ̀ náà lè ní gìrì. Kí dókítà kọ́kọ́ rí wọn ná.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ní jàǹbá. Àwọn ilé kan ń sọ pé oògùn ni gbogbo oògùn, wọ́n sì ń gba èyí tí dókítà kọ fún èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀ dànù. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti Aro jáde ló ní àìsàn ọpọlọ mọ́ bárakú. Bí wọ́n bá já oògùn rẹ̀ gbà, àìsàn á padà, òun náà á sì padà sídìí ìgbó láti fi pa á rẹ́. Ilé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi oògùn dókítà sínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́, á máa kà á, á sì máa rí i pé ó ń lò ó.

Ilé tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún

Mi ò bá àdúrà jà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó jáwọ́ ló sọ pé Ọlọ́run ló mú àwọn dúró, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀wọ̀n irin ni mo ń bá jà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Kaduna, wọ́n sì bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọdékùnrin níbẹ̀, àwọn kan nínú ìdè, àwọn ẹbí wọn ló sì gbé àwọn kan lára wọn wá nítorí oògùn olóró. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Human Rights Watch, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kọ̀wé nípa irú ìdè bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn Kristẹni, Mùsùlùmí, oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ní ilé ìjọba pàápàá. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò òfin àtijọ́ tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀, ó sì sọ ẹ̀tọ́ aláìsàn di ohun tí a lè tọ́ka sí.

Ẹ̀rí tó rọrùn jù lọ láti fi mọ ilé ìjáwọ́ tòótọ́ ni kọ́kọ́rọ́. Ọkùnrin tó ń gbé ibẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó sì lè jáde lọ́sàn-án gangan láìsí pé ẹnikẹ́ni dí i lọ́nà. Bí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn láti ìta, orúkọ mìíràn ni ilé yẹn ń jẹ́. Ẹ wò ó bóyá ó lè pè yín lórí fóònù láìsí ẹni tó dúró tì í. Ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ oko tàbí búlọ́ọ̀kù tó ń ṣe lówó, ta ló sì ń gba owó náà. Ẹni tó bá ṣèlérí pé ọjọ́ méje tó láti wò ó sàn, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Bí kò bá sí nítòsí

Irú ilé yìí kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kì í sì í ṣe gbogbo ẹbí ló máa rí ọ̀kan. Ohun tí ẹ lè ṣe kí ọjọ́ ìdásílẹ̀ tó pé ni kí ẹ wá ilé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan ní àdúgbò mìíràn. Bó bá jẹ́ Láfẹ̀nwá ló ti ń mu, kó lọ gbé Ọ̀bàntókò. Kó yí nọ́ńbà fóònù padà. Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn má gbé ọtí wọlé, bàbá ilé pẹ̀lú, torí mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le nìyẹn. Kó máa padà sí kílíníìkì lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún un. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Alcoholics Anonymous, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ohio ní 1935, wà ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni ìpàdé wọn.

Ẹ̀yin ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe, ẹ kò nílò láti kọ́ ọsibítù. Owó ilé ọdún àkọ́kọ́, ọkùnrin mẹ́fà tó ti parí ìtọ́jú, ìwé àdéhùn tí gbogbo wọn fọwọ́ sí, dókítà kan tí wọ́n lè pè: ìyẹn ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ rí àwọn onílé àdúgbò kí àwọn ọkùnrin náà tó kó wọlé, kí ẹ fi ìwé àdéhùn náà hàn wọ́n, kí wọ́n má bàa máa fi ojú ọ̀daràn wo aládùúgbò wọn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká mọ́ lóru òní lè pe NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, sórí 080010203040. Ìpè náà kì í gba owó, wọ́n sì ń gbé e tọ̀sán-tòru.